Orúkọ Ìlú Kì Í Ṣe Ìwé Ilẹ̀

Ó pẹ́ díẹ̀ tí a ti ríra gbẹ̀yìn. Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí n gbórí sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún oṣù mélòó kan báyìí, bí n kò bá sì sọ ọ́, àfàìmọ̀ kí ó má di àrùn sí mi lára.

Àwọn àgbà mẹ́rin láti ìlú kan ní àríwá Èkìtì wá bá mi nílé ní ọ̀sán Sátidé kan. N kò ní dárúkọ ìlú náà, nítorí ilé àna mi kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n gbé obì wá, wọ́n sì gbé iṣu mẹ́fà tí ó tóbi dáadáa wá. Lẹ́yìn tí a kíra tán, èyí tí ó dàgbà jùlọ nínú wọn yọ ìwé kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Ìtàn ìlú wọn ni, tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú fẹ́ tẹ̀ jáde. Bàbá náà ní, “Dókítà wa, ìwọ ni o mọ ìdí ọ̀rọ̀. A fẹ́ kí o bá wa fọwọ́ sí orí kejì.”

Kí ni orí kejì yìí sọ? Ó sọ pé orúkọ ìlú wọn, bí a bá tú u palẹ̀, túmọ̀ sí ibi tí baba ńlá wọn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí ó ti Ifẹ̀ dé. Ó tún sọ pé orúkọ ìlú kejì, tí odò kékeré kan là wọ́n láàárín, túmọ̀ sí “àwọn tí a gbà láyè”. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, gbogbo oko tí ó wà ní òdìkejì odò títí dé ẹsẹ̀ òkè, tiwọn ni. Wọ́n fẹ́ so ìwé náà mọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sí ìgbìmọ̀ tí ń yanjú ọ̀rọ̀ ààlà, wọ́n sì fẹ́ kí orúkọ dókítà onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ka orí kejì náà lẹ́ẹ̀mejì níwájú wọn. Láti lè rí “àwọn tí a gbà láyè” fà yọ nínú orúkọ ìlú kejì, ẹni tí ó kọ ìwé náà yí ohùn mẹ́ta padà, ó pa kọ́ńsónáǹtì kan jẹ, ó sì fi fáwẹ̀lì kan kún un láti inú àpò ara rẹ̀. Bí a bá gba ènìyàn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà lè fi hàn pé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni baba ńlá mi ti wá. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, n kò lè fọwọ́ sí i.” Wọn kò bínú lójú mi. Wọ́n dìde, wọ́n súre, wọ́n lọ. Iṣu náà wà nílé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́ta kí ìyàwó mi tó bi mí bóyá ó yẹ kí á jẹ ẹ́.

Èmi kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti dójú ti àwọn àgbà wọ̀nyí. Àìsàn tí ń ṣe wọ́n ń ṣe gbogbo wa ní agbègbè yìí, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé. A ti sọ orúkọ di ìwé ilẹ̀, a sì ti sọ ìtàn ìdílé ọba di òǹtẹ̀ tí a ń lù ú. Mo ní kò tọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí iṣẹ́ mi wà. Ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé Ìkọ̀lé wá láti inú kíkọ́ ilé. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ohùn òkè ni ó wà lórí kọ́ tí a fi ń kọ́ ilé. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà láàárín Ìkọ̀lé, òun náà ni ó sì wà nínú Elékọ̀lé tí í ṣe orúkọ oyè ọba wọn. Ọ̀rọ̀ náà “ìkọ́lé” wà nínú èdè wa títí di òní, gbogbo bírìkìlà ni ó mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà. Kí ló dé tí ohùn yóò fi yí lórí ìlú kan ṣoṣo, tí kò yí lórí iṣẹ́ tí wọ́n ní ìlú náà ti gba orúkọ? Nínú èdè Yorùbá, ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara ọ̀rọ̀. Bí mo bá ní mo kọ́ ilé, ẹ ó bá mi yọ̀. Bí mo bá ní mo kọ ilé, ẹ ó bi mí léèrè ohun tí ìyàwó ṣe fún mi. Bákan náà ni ti ẹni tí ó so Ọ̀tùn mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, tí ó sì wá fi Òsì ṣe ọwọ́ òsì, kí Odùduwà lè rí àyè jókòó sáàárín wọn. Ohùn tí ó wà lẹ́yìn Ọ̀tùn kọ̀ fún un.

Àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni ó bí púpọ̀ nínú àṣìṣe yìí. Pátákó ojú títì kọ “Oye” lásán, ọmọ àlejò tí ó wá kàwé ní yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 ń pè é ní oyè, ẹlòmíràn ń pè é ní òye. Ìwé ìròyìn kọ “Oloye”, a kò sì ní mọ̀ bóyá olóyè kan ni wọ́n ń sọ tàbí Ọlọ́yẹ́ fúnra rẹ̀. Láti inú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń tú orúkọ ti ń wá ìtumọ̀. Orúkọ tí wọ́n rí lórí pátákó ni wọ́n ń tú, kì í ṣe èyí tí ìyá wọn ń pè.

Ohun mìíràn tún wà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́. Orúkọ tí ó bá ṣe é tú ní kíá, tí ọmọ kékeré pàápàá gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, orúkọ tuntun ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ayédé, Ayégúnlẹ̀, Ayédùn, Ìlúpéjú, Àràròmí: gbólóhùn odidi ni wọ̀nyí, wọ́n sì dà bí ìmí ẹ̀dùn ẹni tí ó ti sá eré rí. Ayédé jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí a mọ̀ dáadáa. Èṣùbíyì, jagunjagun tí ó wá láti Ìyè, ni ó kó àwọn tí ogun ti tú ká jọ síbẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ó sì jọba lé wọn lórí. Ní ti Ìlúpéjú, orúkọ náà dùn-ún pè, ṣùgbọ́n Ẹ̀gòsì àti Èdá Ilé ni wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi orúkọ Ìlúpéjú wá ọjọ́ orí àwọn ará Ìlúpéjú yóò ṣìnà jìnnà. Ní ìdà kejì, orúkọ bí Ìdó, Òsì, Ìsàn, Ìré kò gba kọ́kọ́rọ́ òde òní. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú wọn ti kú lẹ́nu wa kí a tó bí baba baba wa. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ti ṣí wọn, fèrèsé ni ó gbà wọlé.

Ẹ tún wo bí orúkọ kan náà ti ń rìn kiri. Ìdó wà ní Èkìtì, Ìdó wà ní Ìbàdàn, Ìdó wà ní Èkó, Ìdó-Ọ̀ṣun wà, Ìdó-Àní wà. Èwo nínú wọn ni yóò gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ èwo? Ìjẹ̀ṣà-Iṣu wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Ṣé Iléṣà ni yóò wá pààlà fún wọn ni? Òsì wà lọ́dọ̀ wa nínú Ìdó/Òsì, Òsì mìíràn sì wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì jìnnà.

Níbi tí mo ti dárúkọ Kwara yìí, ọ̀rọ̀ náà di ti ilé mi. Ní ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Èkìtì. Àràròmí Òpin ni ibùjókòó rẹ̀ wà. Bí orúkọ bá jẹ́ ìwé ilẹ̀, kí ìjọba tí ó wà ní Adó-Èkìtì gbéra lọ́la kí ó lọ gba ibẹ̀, tàbí kí àwọn ti ibẹ̀ wá bi wá léèrè ẹni tí ó fún wa ní orúkọ wọn. Òpin ni wọ́n ti bí ìyá mi. Nígbà èwe wa, a kò mọ̀ pé ààlà kankan wà lójú ọ̀nà ilé ìyá wa. Ulé ni a ń pe ilé lọ́dọ̀ bàbá mi, ugbá ni a ń pe igbá, kò sì sí ọjọ́ kan tí àwọn ẹbí ìyá mi béèrè ohun tí a ń wí. Ìgbà tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ wọ yunifásítì ni a mọ̀. A jọ jẹun nínú àwo kan náà dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí á mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá, tirẹ̀ gba ọ̀nà Ìlọrin, tèmi gba ọ̀nà Adó.

Ta ni ó fa ìlà náà? Kì í ṣe Odùduwà. Àwọn òyìnbó ni, nígbà tí wọ́n ń pààlà sáàárín ìjọba wọn ti Àríwá àti ti Gúúsù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìlà yẹn kan náà ni ó gbé Ọ̀tùn, ìlú Ọọ̀rẹ̀, sábẹ́ Ìlọrin, ó sì di 1936 kí wọ́n tó dá a padà sọ́dọ̀ àwọn Èkìtì yòókù. Òpin àti Ọ̀bọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n dá Kwara sílẹ̀ ní 1967, wọ́n dá Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, wọ́n mú Yàgbà kúrò ní Kwara lọ sí Kogi ní 1991, wọ́n ya Èkìtì sọ́tọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, lórí ìlà òyìnbó ni a ń tún bírò kọjá. Èdè ní tirẹ̀ kò tẹ̀lé ìlà náà rárá. Ẹni tí ó bá rìn láti Ìkọ̀lé gba àríwá lọ títí ó fi wọ ilẹ̀ Yàgbà kò ní rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń yí lẹ́nu, abúlé sí abúlé. Nígbà tí Abiọdun Adetugbọ pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí agbo mẹ́ta ní 1967, ìró, gírámà àti ọ̀rọ̀ ni ó fi pín wọn, kò béèrè adé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo dé orí ọ̀rọ̀ adé, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ gbóná. Gbogbo ìwé ìtàn ìlú tí mo ti kà ní agbègbè wa, ojú ọ̀nà kan ni wọ́n ń tọ̀: ọmọ ọba kan kúrò ní Ifẹ̀, ó gbé adé, Ifá júwe ọ̀nà fún un, ó rìn títí ó fi dé ibi tí ìlú wà lónìí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má bọ̀wọ̀ fún Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ìdílé ọba ni ìtàn yẹn, kì í ṣe ìtàn gbogbo ará ìlú. Ní Adó, ta ni kò mọ̀ pé Ewì Awámárò bá Elésùn àti àwọn ará Ìlésùn lórí ilẹ̀, tí ó sì fi agbára gba ibẹ̀? Ní Ìkẹ́rẹ́, Benin ni ìtàn Ògògà tọ́ka sí, Olúkẹ́rẹ́ sì ń sọ pé ìdílé tòun ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ní Ayédé tí mo ti mẹ́nu kàn, Andrew Apter ṣe ìwádìí tí ó di ìwé ní 1992. Ó rí i pé ìtàn tí wọ́n ń sọ láàfin àti èyí tí ó fara pamọ́ sínú ọdún òrìṣà kò bára mu. Àwọn abọrẹ̀ mọ èyí. Wọ́n kàn ń fi pamọ́ ni.

Kí ló dé tí gbogbo ìwé fi ń gba Ifẹ̀ kọjá? Nítorí pé láti ayé òyìnbó ni ìjọba ti ń bi ọba léèrè ibi tí ó ti gbé adé rẹ̀ wá, kí ó tó mọ ipò tí yóò fi í sí. Ohun tí wọ́n bá ń sanwó lé lórí ni ọjà ń tà. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ka Elékọ̀lé mọ́ àwọn ọba mẹ́rin tí ó ga jùlọ ní Èkìtì. Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn ọba mẹ́rìndínlógún tí à ń pè ní Pèlúpèlú náà kò bọ́ nínú rẹ̀: nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ yan Aláwẹ̀ ti Ìláwẹ̀ ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn ọba ní 2019, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dàgbà ju ẹnì kan lọ ní Ifẹ̀, ní ọ̀rúndún kọkànlélógún!

Orúkọ tí a fi ń pe gbogbo wa pàápàá, Yorùbá, inú ìwé àlejò ni a ti kọ́kọ́ rí i: Ahmed Baba ti Timbuktu kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1615. Bí ẹ bá pe ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ kan ní Yorùbá ní pápá Kírìjì, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, yóò rò pé ẹ fi òun pe ará Ọ̀yọ́ ni. Lónìí a ń fi orúkọ náà yangàn, kò sì burú. Orúkọ a máa ṣí láti orí ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí kò fi lè dúró bí òpó ààlà.

Àwa nìkan kọ́ ni a wà nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ wo ìhà ìlà oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Sòmálí a máa ka orúkọ baba rẹ̀, baba baba rẹ̀, títí dé baba ńlá ìdílé; abtirsi ni wọ́n ń pe kíkà náà, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Bí ìdílé Daarood tàbí Isaaq bá kà á dé òkè, ilẹ̀ Lárúbáwá ni yóò já sí, láàárín àwọn ẹbí Ànábì. Ifẹ̀ tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí èdè wọn ń wí. Sòmálí ń ka ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún báyìí: saddex, afar, shan. Àwọn Oromo tí wọ́n jọ ń jà lórí ilẹ̀ ń kà á báyìí: sadii, afur, shan. Ọmọ ìyá ni èdè méjèèjì. Àwọn kan tún wà tí wọ́n dúró sáàárín: àwọn Gabra ń sọ èdè Oromo, bẹ́ẹ̀ ni Günther Schlee tọpa ọ̀pọ̀ ìdílé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bá Sòmálí tan, àwọn Garre kan ń sọ èdè tí ó sún mọ́ Sòmálí, àwọn Garre mìíràn sì ń sọ Oromo nínú ilé wọn.

Ní 2004, ìjọba Etiópíà gbé àpótí ìbò lọ sí àwọn àdúgbò tí ó lé ní irínwó ní ààlà ìpínlẹ̀ Oromo àti ti Sòmálí, pé kí wọ́n yan ọ̀kan. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ti ìhín, tí baba rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀hún, kí ó tẹ̀ka síbì kan ṣoṣo. Ìbò náà kò parí ìjà. Ní 2017, ìjà ààlà náà gbiná tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn fi sá kúrò nílé wọn. Nígbà tí mo ka ìròyìn náà, orúkọ baba ńlá tí wọ́n ń kà kọ́ ni ó bà mí lẹ́rù, bí kò ṣe bí ọ̀rọ̀ wọn ti jọ orí kejì ìwé àwọn bàbá mi mẹ́rin: àwa ni a kọ́kọ́ dé, àwọn ni a gbà láyè.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé, “Bí ìwọ kò bá kọ tiwa, ọmọ wọn tí ó wà ní yunifásítì yóò kọ tiwọn.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Dókítà méjì yóò wá dúró níwájú ìgbìmọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò sì da tèmi tirẹ̀ nù, yóò tọ́, èmi kò sì ní lè lọ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni pé ohùn ní òfin mọ́.

N kò ní kí wọ́n má béèrè ilẹ̀ wọn o. Bóyá tiwọn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ta ni ó gbin kòkó àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀? Ta ni ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ta ni wọ́n sì ń san án fún? Níbo ni pèrègún ààlà dúró sí? Ojúbọ ta ni ó wà lẹ́bàá odò, òkú ta ni wọ́n sin sí ẹ̀yìn rẹ̀? Kí ni ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ kọ sílẹ̀ nígbà tí àwọn baba wọn jà níbẹ̀? Ìyá arúgbó tí ó ti ń ṣa ẹyìn ní bèbè odò náà láti ìgbà ọmọge mọ̀ ju orí kejì lọ, kò sì sí ẹni tí ó ti gbé ìwé tàbí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá a. Mo sọ fún àwọn bàbá náà pé n óò bá wọn ṣe èyí lọ́fẹ̀ẹ́, n óò sì kó akẹ́kọ̀ọ́ méjì dání. Wọn kò dá mi lóhùn.

Mo tún bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n máa ń fẹ́ ìyàwó láti òdìkejì odò. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá tí ó bí bàbá tí ó dàgbà jùlọ, ọmọ ibẹ̀ ni. Ọmọ “àwọn tí a gbà láyè” ni ó gbé ìwé náà wá fún mi.

Ìwé náà ti jáde báyìí. Wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú pẹ̀lú ìlù àti oúnjẹ, ẹnì kan sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Orí kejì wà níbẹ̀ bí mo ti bá a. Lójú ewé ìdúpẹ́, wọ́n ka orúkọ mi mọ́ àwọn onímọ̀ tí ó yẹ iṣẹ́ náà wò. Òótọ́ ni, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sì sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ìwé náà síwájú ìgbìmọ̀ kankan, kí ó jọ̀wọ́ mú ohun tí mo kọ yìí dání pẹ̀lú rẹ̀.